Ìsọ̀ mi ò bá Màmá sọ̀rọ̀: iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Bódìjà ṣe sí wẹ́búsáìtì mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ta ló bá mi tún wẹ́búsáìtì mi ṣe kí àwọn tí ò ríran náà lè máa rajà níbẹ̀, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn gùn díẹ̀. ₦180,000 ni mo san fún àwọn ọmọ kan ní Bódìjà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bínú débi pé mo fẹ́ gba owó mi padà. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n tún san iye yẹn lọ́la, màá san án, bí mo tiẹ̀ máa ráhùn nígbà tí mo bá ń san án. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí o, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn mẹ́ta péré làwọn, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti kún àwọn lọ́wọ́, torí náà ẹni tó bá nílò wọn lóòótọ́ kó pè mí, màá so yín pọ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ mí, àdìrẹ àti aṣọ òkè ni mò ń tà. Ìsọ̀ mi wà ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láti ọdún kòrónà, 2020 yẹn, bí ìdajì ọjà mi ló ń gba orí fóònù wọlé, WhatsApp, Instagram, àti wẹ́búsáìtì kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún mi nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa. Wẹ́búsáìtì yẹn wù mí gan-an. Àwòrán ń yí fúnra ẹ̀ níwájú, lẹ́tà ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà, gbogbo ẹ̀ ń dán bí ilé ìyàwó.

Màmá kan wà ní Òkè-Àdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ti ń ra aṣọ kí n tó gba ìsọ̀. Glaucoma ló mú ojú wọn lọ, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí báyìí. Ọmọ ọmọ wọn ló tan TalkBack sílẹ̀ fún wọn lórí fóònù, ìyẹn ohùn tó máa ń wà nínú Android tó ń ka ohun tó bá wà lójú fóònù síta fún èèyàn. (Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver. Fóònù tí ẹ mú dání yẹn ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ò kàn tíì tàn án rí ni.) Bí Màmá ṣe pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn o, mi ò tíì ṣí ìsọ̀ tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí ìsọ̀ ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀?"

Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ìsọ̀ wo mà?

"Èyí tó wà lórí fóònù. Mo ní kí n wo aṣọ tí màá fi ṣe ọjọ́ ìbí, mo wọlé, ibi tí mo bá fọwọ́ kàn, image ló ń wí. Image. Image. Image. Ṣé image lo wá ń tà báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ara mi ò gbà á. Oníbàárà tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa kí n tó dé ilé ọkọ ni mo tìlẹ̀kùn mọ́ síta yẹn, tí mi ò sì mọ̀.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní rárá o Àǹtí, òun ti fi ẹ̀rọ kan yẹ wẹ́búsáìtì yẹn wò, 86 nínú 100 ló gbà, pé a ti yege. 86! Nígbà tí èmi wà nílé ìwé, A nìyẹn. Ẹlòmíràn tún wá bá mi pé òun máa tà mí ní bọ́tìnì kékeré kan tó ní àwòrán èèyàn tó na apá, pé tí mo bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun wẹ́búsáìtì, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa tọ́, kí n ṣáà máa san owó lóṣooṣù. Díẹ̀ ló kù kí n ra nǹkan yẹn o. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Bódìjà ni wọ́n sọ fún mi pé ní 2025, àjọ FTC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ san mílíọ̀nù kan dọ́là, torí ó ń polówó pé òun lè mú wẹ́búsáìtì yòówù bá ìlànà ti àwọn abirùn mu, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni owó mi lọ. Mẹ́ta ni wọ́n: ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin kan tó ń kọ kóòdù, àti ọmọkùnrin kejì tí kò ríran, tíyẹn sì ni olùdánwò wọn. Wọn ò pè mí sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ibi tí ọjà ti ń lọ, wọ́n bá wá sí Gbági, ariwo jẹnẹrétọ̀ níbí, alábàrù níbẹ̀. Olùdánwò yìí jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó yọ fóònù ẹ̀ síta, ojú fóònù yẹn dúdú kirimú. Mo rò pé bátìrì ti kú. Ó ní rárá mà, òun ló pa iná ojú ẹ̀, kí ni òun fẹ́ fi iná ṣe, bátìrì ló ń jẹ. Ó wá gbé fóònù sí etí, ohùn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bíi ti ẹni tó ń ṣe kọmentéètọ̀ bọ́ọ̀lù nígbà tí góòlù fẹ́ wọlé, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ó dín eré ẹ̀ kù kí èmi náà lè gbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń kà. "WhatsApp Image 2023 11 04 at 10 32 17 image." Ó fi ìka ra á lọ sí èkejì. "WhatsApp Image 2023 11 04 at 10 32 19 image." Ẹ̀kẹta náà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Látinú WhatsApp ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kó àwọn àwòrán yẹn, orúkọ tí WhatsApp sọ wọ́n ló bá wọn dé wẹ́búsáìtì, àwọn tó kù ló sì kọ "image" sí lásán. Olùdánwò yìí yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ọjà yín pọ̀ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí a ṣe gba 86. Ẹ̀rọ tó yẹ̀ ẹ́ wò yẹn, ohun tó ń wá ni pé ṣé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí fóònù máa kà sẹ́yìn àwòrán. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Kò sí bó ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfìfo ni wọ́n kọ.

Wọ́n ní kí olùdánwò ra aṣọ kan bíi kọ́sítọ́mà. Ó dé ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, fóònù ní "edit box", ó sún síwájú, "edit box", ó tún sún, "edit box". Àpótí mẹ́rin, kò sí èyí tó sọ orúkọ ara ẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ lásán ni a kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí fún ẹni tó bá ń fi ojú wò ó. Ó gbìyànjú, ó kọ nọ́ńbà fóònù síbi àdírẹ́sì, ó tẹ Submit. Fóònù dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń wo láptọ́ọ̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí i pé etí àpótí yẹn ti pupa, pupa yẹn ni wẹ́búsáìtì fi ń sọ pé o ṣe é ṣì, ṣùgbọ́n ta ni pupa máa sọ ọ́ fún? Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọwọ́ mi ti ń lọ kí n bá a ṣe é, ọ̀gá wọn rọra di ọwọ́ mi mú, ó ní "Ẹ fi sílẹ̀ mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wà níbẹ̀ lálẹ́ tí kọ́sítọ́mà bá ń rà á." Mo bá jókòó. Òógùn bò mí, ẹ gbà mí gbọ́.

Wọ́n tún fi NVDA sórí láptọ́ọ̀pù mi, irú ohùn bíi TalkBack náà ni, ọ̀fẹ́ ni, ti Windows nìyẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí kò ríran ní Australia, Michael Curran àti James Teh, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006. Wọ́n ní kí n gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n máa tẹ Tab nìkan láti fi rìn nínú wẹ́búsáìtì ara mi. Àwòrán tó ń yí níwájú tó wù mí yẹn, inú ẹ̀ ni mo há sí. Mo tẹ Tab títí, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó dùn mí díẹ̀ ṣá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ aṣọ, torí èyí ló dùn jù. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, alt text ni àwọn ń pè é. Èmi náà bẹ̀rẹ̀: "Àdìrẹ tó rẹwà, quality gidi, kì í ṣá." Olùdánwò ní, "Mà, ẹ má tíì tà á fún mi. Kí ló wà lára ẹ̀?" Mo ní àrà ni. Ó ní àrà wo? Mo gbé aṣọ yẹn síwájú, mo wá wò ó bí ẹni tí ò rí i rí. Ìbàdàndùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ mọ̀ ọ́n, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára ẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn, wọ́n to òpó yẹn sí ìlà, wọ́n wá fi ṣíbí sáàárín òpó sí òpó. Láti kékeré ni mo ti ń tà á, mi ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu fún kọ́sítọ́mà rí pé ṣíbí ló wà níbẹ̀! Ẹni tó ríran á ṣáà nawọ́ sí i pé èyí, kò sí ẹni tó bi mí.

Ohun tí a kọ nígbẹ̀yìn nìyí: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, aró dúdú, òpó Mápó funfun ní ìlà, ṣíbí wà láàárín òpó." Ó tán. Wọ́n ní kí n má kọ "àwòrán" sí iwájú ẹ̀ torí fóònù fúnra ẹ̀ máa sọ pé àwòrán ni. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ gùn bí oríkì, pé ti bí wọ́n ṣe fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ìyẹn kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Àwọn òdòdó tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí etí ojú ìwé, wọ́n ní kí n má kọ nǹkankan sí i rárá, kí fóònù fò ó, torí kò sí ẹni tó wá ra òdòdó. Mo bi wọ́n pé ẹni tí ò ríran, kí ni mo fẹ́ máa sọ àwọ̀ fún un sí. Olùdánwò rẹ́rìn-ín, ó ní òun ríran títí òun fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun mọ aró, òun mọ pupa, àti pé ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ pàápàá máa fẹ́ mọ̀ bóyá gèlè tó wà nílé máa bá a lọ. Mi ò tún bèèrè mọ́.

Aṣọ òkè ò le. Ẹtù, àlàárì, sányán, orúkọ yẹn ti ń júwe ara ẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n, torí náà mo fi kún un: ẹtù, aró tó ṣú pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín bí ara ẹyẹ ẹtù, àlàárì, pupa tó jinlẹ̀, sányán, àwọ̀ ara òwú sílíìkì inú igbó, kò funfun, kò pupa. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn tó ríran náà ń kà á báyìí. Ìyàwó kan láti London sọ fún mi pé ibẹ̀ lòun ti wá mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

WhatsApp gan-an ni mo ti ń dẹ́ṣẹ̀ jù. Fláyà ni mo máa ń fi ránṣẹ́, gbogbo iye owó àti déètì wà nínú àwòrán, mi ò ní kọ nǹkankan sísàlẹ̀. Fún Màmá, àwòrán kan ṣoṣo nìyẹn, kò sí owó, kò sí déètì. Báyìí mò ń tẹ gbogbo ẹ̀ sábẹ́ fláyà. Ìmójì náà, mo lè fi iná méjìlá sẹ́yìn "Ọjà tuntun ti dé", olùdánwò gbé e sí etí mi: "fire, fire, fire, fire", ó kà á títí mo fi ní ó ti tó. Ọ̀kan ti tó báyìí, kì í sì í wà láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà ológe tí ọmọ mi máa ń dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń rọ́ bíi ti ìwé ìgbéyàwó, kì í ṣe lẹ́tà A B D gidi lójú kọ̀ǹpútà, àmì ìṣirò ni wọ́n, fóònù lè kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìṣirò tàbí kó fò ó pátápátá. Bí orúkọ ìsọ̀ mi ṣe di ìṣirò nìyẹn láti ọdún méjì.

Fídíò: kọ́sítọ́mà mi kan wà tó jẹ́ adití, ọmọ Mọ́kọ́lá, tó máa ń tẹ̀ ẹ́ sí mi pé "Kí lẹ sọ?" lẹ́yìn gbogbo fídíò. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni, Ọlọ́run foríjì mí. Mo ní kí fóònù máa kọ caption fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde sísàlẹ̀ fídíò. Èmi sọ Yorùbá, fóònù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: "àdìrẹ" di "a diary", "aṣọ òkè" di "a show, okay". Ẹ ò rí i pé a show, okay yẹn fẹ́ bá ọjà mu. Ọmọ mi ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ìṣẹ́jú kan fídíò lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú, ó ń kùn, mo sì ń fi owó dátà bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo fídíò nínú ọkọ̀ láìtan ohùn, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ bíi tèmi, àwọn náà ń dúpẹ́.

Ti lẹ́tà wúrà nìkan ni mo bá wọn jà sí. Àwọ̀ wúrà lórí àwọ̀ ìpara, ta ni ò mọ̀ pé ó ń fi ọlá hàn? Ọmọ kóòdù yẹn wọ̀n ọ́n fún mi, 2 sí 1 ni ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ méjèèjì, ìlànà sì ní ó kéré tán 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kékeré, 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. WCAG ni wọ́n ń pe ìlànà yẹn, àwọn W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́búsáìtì lágbàáyé, ló ń gbé e jáde. Mo ní ìlànà àwọn òyìnbó nìyẹn. Kò bá mi jiyàn, ó kàn mú fóònù mi jáde sí iwájú ìsọ̀ nínú oòrùn aago méjì, ó ní kí n ka iye owó sányán. Mi ò rí i kà. Ojú mi dá ṣáká o, mi ò tiẹ̀ lo gíláàsì. Lẹ́tà ti di aró báyìí lórí funfun, wúrà wà lára lógò nìkan. Wọ́n ní ẹjọ́ èmi nìkan kọ́, pé àwọn WebAIM, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí, yẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ wẹ́búsáìtì mílíọ̀nù kan wò ní 2024, 95.9% ló ní àṣìṣe, lẹ́tà tí àwọ̀ ẹ̀ ò hàn ló sì pọ̀ jù. Ó tù mí nínú díẹ̀.

Ìyá tó ń ta léèsì lọ́wọ́ òsì mi bi mí pé afọ́jú mélòó ló ń ra aṣọ ná tí mo fi ń da ₦180,000 nù. Mo sọ fún un pé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní èèyàn bílíọ̀nù 1.3 láyé ló ní àìlera tó lágbára, ẹnìkan nínú mẹ́fà. Kò wú u lórí. Mo wá sọ ti òfin Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó ní kí wọ́n má ṣe ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn abirùn, ilé-iṣẹ́ tó bá rú u máa san mílíọ̀nù kan náírà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ₦100,000 tàbí oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Ó ní ta ni wọ́n ti mú? Mo dákẹ́. Ó wá ní, "Àbí kí wọ́n bá mi wo tèmi náà?" Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn.

Ó wá ku ẹ̀sùn mi. Ìdádúró yẹn, wọ́n ní òjò ni, wọ́n ní iná ni, mo ti gbọ́. Ìwé àbọ̀ tí wọ́n kó fún mi, ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà ìlànà WCAG yẹn ló kún un, 1.1.1, 1.4.3, 2.5.8, ẹ wò ó bí ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ṣì kọ. Àwọn tó ń kọ́ mi pé kí n sọ̀rọ̀ kó yé èèyàn! Mo pariwo, wọ́n wá fi voice note mẹ́fà ránṣẹ́ ní Yorùbá, ọ̀gá wọn ló sọ ọ́, ó yé mi yékéyéké, 2.5.8 yẹn kàn ń sọ pé bọ́tìnì mi kéré jù fún àtàǹpàkò ni. Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ní Bódìjà, àtẹ̀gùn tóóró, kò sí ọ̀nà kankan fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Mo sọ ọ́, ojú tì wọ́n, wọ́n ní owó ilé ìsàlẹ̀ ni.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìnfóìsì, ìwé tí wọ́n fi bèèrè owó wọn. Wọ́n fi ránṣẹ́ ní PDF, mo sì fi ṣe ìdánwò, mo ní kí olùdánwò wọn kà á fún mi. Ó gbé e sí etí, fóònù dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n wá ya fọ́tò ẹ̀! Olùdánwò yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá àyà, ó ní "Mà, ẹ má san owó yẹn o, kò sí ẹni tó bèèrè ẹ̀." Aago méjì òru ni ìnfóìsì tuntun wọlé.

Nǹkan méjì wà tí apá wọn ò ká. Ibi tí kọ́sítọ́mà ti ń sanwó, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, kóòdù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí fóònù máa ń kú kí ẹni tó ń fetí ka nǹkan tó tẹ̀ ẹ́ tán, àwọn ò lè fọwọ́ kàn án, lẹ́tà ni a kọ, a ṣì ń retí èsì. Torí náà mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹ lè pè wá, ẹ lè fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Ìkejì ni ohùn yẹn fúnra ẹ̀. Lórí fóònù olùdánwò, òyìnbó ló ń ka Yorùbá, "Ìbàdàndùn" ń jáde bí orúkọ oògùn, àmì ohùn tí mo fara balẹ̀ fi sí i, ó ń fò ó. Mo ní ṣé kí n yọ àmì yẹn kúrò kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ní rárá, ẹ kọ ọ́ dáadáa, etí òun ti mọ bó ṣe ń ṣì í pè, ohùn máa kọ́ Yorùbá lọ́jọ́ kan, tó bá wá dé tí kò bá àmì ńkọ́? Ọmọ yẹn gbọ́n.

8 nínú 10 ni mo fún wọn. Ìnfóìsì jẹ ọ̀kan, àtẹ̀gùn jẹ ọ̀kan. Ti ìdádúró, mo ti dárí jì wọ́n.

Màmá tún pè ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti wọlé fúnra wọn, wọ́n ti yan Ìbàdàndùn yáàdì márùn-ún, wọ́n ti kọ àdírẹ́sì síbi tó yẹ, wọ́n ní irú ẹ̀ làwọn ró lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ gba owó oṣù. Mo ní ẹ ṣeun mà, mo ní ṣé ìsọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ báyìí?

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ó kù kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín owó."